Oṣù mẹ́ta tí mo fi lu dùndún lórí Zoom láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ojú mi kò ríran, ìlù sì ni iṣẹ́ ìdílé wa. Inú yàrá mi ní Ìmọ̀wọ̀, níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni mo jókòó sí fún oṣù mẹ́ta tí mo ń bá akàndá méjì ṣiṣẹ́: arábìnrin adití kan ní Salvador, nílẹ̀ Brasil, àti ọkùnrin kan ní London tó ń jó lórí kẹ̀kẹ́ akàndá. Zoom la fi ń pàdé. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣiṣẹ́ fún wa, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ di ọjọ́ ìpàdé.

NVDA, ètò kọ̀ǹpútà kan fún àwọn tí kò ríran, ló ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi sí mi létí. Ọ̀fẹ́ ni. Michael Curran, ọmọ Australia tí òun náà kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. Nínú Zoom, Alt pẹ̀lú A ni mo ń tẹ̀ láti pa ohùn mi tàbí láti ṣí i, n kì í bẹ ẹnikẹ́ni kó wá bá mi wò ó.

Ìlù gan-an ló kọ́kọ́ yọ wá lẹ́nu. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe Zoom, ìró ìlù a máa dà bí ariwo lójú rẹ̀, á sì fẹ́ pa á. Original Sound, ètò inú Zoom tó ń jẹ́ kí ìró kọjá bó ṣe rí, ni kí ẹ tàn kí ẹ tó mú kọ̀ǹgọ́. Ọjọ́ tí mo tàn án, ará London ní òun gbọ́ bí awọ ṣe ń ké nígbà tí mo fún ọsán ìlù. Ohùn tún máa ń pẹ́ díẹ̀ lọ́nà, nítorí náà ẹ má gbìyànjú láti lùlù pọ̀. Èmi nìkan ń lù, àwọn tó kù pa ohùn tiwọn, wọ́n ń jó.

Ti arábìnrin Salvador ni kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi kò rí ijó rẹ̀, òun kò gbọ́ ìlù mi. Ó gbé sípíkà lé ilẹ̀ onípákó, ó bọ́ bàtà, àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń gba ìlù. Ẹnì kan ń túmọ̀ Libras, èdè ọwọ́ wọn, sí Potogí, ẹlòmíràn ń sọ ọ́ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń ròyìn ijó rẹ̀ fún mi: “Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èjìká òsì ló ń mì.” Mo dẹ ọwọ́. Wọ́n ní èjìká ti dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dán an wò. Ìyàwó mi fi gààrí sílẹ̀ lórí iná, ó wá dúró lẹ́yìn mi, kò lè sọ̀rọ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé àwọn tó kó wa jọ fi àkókò ìpàdé kan ránṣẹ́ nínú àwòrán. NVDA kò ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Ìpàdé yẹn kọjá mi, agogo méjì ọ̀sán wa, agogo mẹ́wàá àárọ̀ ní Salvador. Wọ́n dúró dè mí pẹ̀lú ògbufọ̀ méjì tí wọ́n ti sanwó fún.

Ìpele kejì iṣẹ́ wa máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Ojúde Ọba. Mo ti gbà láti padà, mo sì ti kọ̀wé sí wọn pé ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.