Tẹmómítà oúnjẹ fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun rẹ̀: ó ha tó rà bí?

Irú èyí tó ní abẹ́rẹ́ gígùn, tó ń lo bátìrì bíi ti aago, ni à ń sọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ki sí abíyá.

Ó tó rà. Lẹ́yìn ìtọ́jú yìí, ara kì í lè bá kòkòrò àrùn jà dáadáa fún oṣù púpọ̀, ó sì lè tó ọdún kan. Adìẹ lè funfun lójú kí inú rẹ̀ má tíì jinná, kí gbogbo ilé jẹ ẹ́ láìsí wàhálà, kí ó sì dá aláìsàn yìí nìkan padà sí ọsibítù. Adìẹ àti ọbẹ̀ àná gbọ́dọ̀ dé 74 lórí ìwọ̀n C (Sẹ́síọ́ọ̀sì), ẹran lílọ̀ 71, ẹja 63. Bí ẹ bá rí 165, ẹ má jáyà, ìwọ̀n F (Farẹnháìtì) ló wà: ẹ tẹ bọ́tìnì C/F.

Ibi tí ẹ bá ki í sí ló ń sọ bóyá ó máa pa irọ́. Àárín ibi tó ki jù ní itan adìẹ ni. Kó má kan eegun, kó má kan ìdí ìkòkò. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ki burú jù: etí rẹ̀ á ti máa hó, àárín á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́ sínú ife omi, ẹ ki í bọ̀ ọ́. 0 ló yẹ kó mú wá. Bó bá fi ju 1 yàtọ̀, ẹ dá a padà.

Ó wúlò fún fìríìjì náà: ife omi tó bá sùn nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 4 lọ. Láti Kábà dé Ìsánlú, a mọ bí iná ṣe ń ṣe. Bí iná bá lọ ju wákàtí 4 lọ, ẹ da ọbẹ̀ yẹn nù.

Tẹmómítà kò lè ṣọ́ iyán. Iṣu tó hó kò léwu. Odó, ọwọ́ àti omi tí a fi ń rọ̀ ọ́ ló léwu. Ẹ fi omi híhó ṣan odó àti ọmọ odó, ẹ kọ́kọ́ gún ti aláìsàn, kó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wàrà (wàràkàṣì), nínú ọbẹ̀ tó hó nìkan. Nùnú (mílíìkì kíkan àwọn Fúlàní), rárá o. Ẹ̀pà tó bu, iná kì í pa oró inú rẹ̀.

Àbùkù tẹmómítà náà: orí rẹ̀ kì í fẹ́ omi. Abẹ́rẹ́ nìkan ni kí ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀, ní gbogbo ìgbà tó bá ti kan ẹran tí kò tíì jinná.