Erékùṣù Gberefu ní Àgbádárìgì àbí omi Ẹ̀pẹ́: èwo ni kẹ́ ẹ náwó sí?

Ẹni tówó ìgbafẹ́ rẹ̀ kò bá ju ìrìn àjò kan lọ lọ́dún, tó sì fẹ́ rí omi, kó tẹ iyanrìn, kó fojú ara rẹ̀ rí àṣà àwọn tó ń gbé etí omi, ibi méjì ni wọ́n sábà máa ń júwe fún un ní ìpínlẹ̀ Èkó: erékùṣù Gberefu ní Àgbádárìgì, àti Ẹ̀pẹ́. Nínú àwòrán tí àwọn tó ń ta ìrìn àjò ń gbé jáde, ọkọ̀ ojú omi àti igi àgbọn náà ni, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹ máa bá níbi kọ̀ọ̀kan. Ní tèmi, Àgbádárìgì ló yẹ ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, Ẹ̀pẹ́ ló rọrùn. Àwa tá a wà ní Ìkòròdú, a ó kàn gba Ìtóìkín ni. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Lẹ́kí á gba Ajah. Ẹ lè jáde láàárọ̀, kí ẹ jẹun ọ̀sán níbẹ̀, kí ẹ sì ti wọlé kílẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà Àgbádárìgì jìn, ó sì ń tánni ní sùúrù. Rélùwéè tó ti ń ná Marina ti Erékùṣù Èkó sí Mile 2 láti 2023 ti dín wàhálà náà kù díẹ̀; bọ́ọ̀sì lẹ ó wọ̀ láti Mile 2. Ọ̀nà bodè Sẹ̀mẹ̀ ni, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù àti ọlọ́pàá pọ̀ níbẹ̀, ẹ má gbàgbé káàdì ìdánimọ̀ yín sílé.

Gberefu fúnra rẹ̀

Ní Marina Àgbádárìgì lẹ ti máa wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Omi tí ẹ máa là kọjá kò fẹ̀ rárá, àmọ́ ẹ so láìfù jákẹ́ẹ̀tì yín dáadáa, bó ti wù kí omi náà kéré tó. Ibi tí ẹ bá sọ̀ sí ni ìrìn àjò gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín, nínú iyanrìn, bí ìdajì wákàtí, títí dé etí òkun. Ọ̀nà tí wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà nìyẹn. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Bàtà yín á máa rì, oòrùn á máa pa yín, ẹ ó sì ti máa gbọ́ ariwo òkun tipẹ́ kí ẹ tó rí i. Àwọn ọlọ́kadà wà tó lè gbé yín, ṣùgbọ́n àgbàlagbà àti ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn nìkan ni mo lè sọ pé kó gùn ún. Ìrìn yẹn gan-an lẹ sanwó fún. Ìparí rẹ̀ ni ibi àlọ àìbọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọkọ̀ lọ sókè òkun, igi àgbọn lẹ́yìn, òkun Àtìláńtíìkì níwájú. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀ o, ìgbì rẹ̀ le.

Ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún ìlú náà pẹ̀lú. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ti ìjọ Áńgílíkà, parí ní 1845, wà ní Marina Àgbádárìgì yẹn kan náà. Nínú ọgbà Seriki Abass, oníṣòwò ẹrú kan láyé àtijọ́, ẹ bá atọ́nà dúró nídìí agboòrùn tí wọ́n pa mọ́ síbẹ̀: wọ́n ní 40 ẹrú ni wọ́n ń fi ra irú rẹ̀ kan. Mi ò mọ ẹni tó máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní dákẹ́. Ohun tí àwọn ontajà kì í sọ ni pé ẹbí ló ni àwọn kan nínú àwọn ilé yìí, bíi ti Mobee àti ti Abass, nítorí náà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ máa san owó ìwọlé wọn.

Àwọn Ògù, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Ẹ̀gùn, ló ni Sàǹgbétò, eégún tó gbé ìko wọ̀ látòkè délẹ̀, tó ń pòyì. Olùṣọ́ òru ni, kì í ṣe eré tí wọ́n ṣètò fún àlejò. Bẹ́ ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ará ìlú kí ẹ tó gbé fóònù sókè.

Ẹ̀pẹ́ wá ńkọ́?

Ẹja ni Ẹ̀pẹ́ fi ju Àgbádárìgì lọ. Ẹ tètè dé ọjà Olúwo láàárọ̀, ẹ ó bá àrọ̀ tó ṣì ń ta pútúpútú nínú ọpọ́n, èpìyà, ọbọ̀kún, edé àti akàn. Ẹ kí ìyá ẹlẹ́ja ní "ẹ kú ọjà o, Màmá" kí ẹ tó ná ohunkóhun. Wọ́n á bá yín pa á, wọ́n á bá yín gé e. Ọ̀sà ibẹ̀ náà dákẹ́ ju òkun lọ, ó dáa fún ẹni tó ní ọmọ kékeré lọ́wọ́. Yàrà Súngbọ́, kòtò ńlá tí wọ́n gbẹ́ láyé àtijọ́, tó gùn ju 160 kìlómítà lọ, kọjá ní agbègbè Ẹ̀rẹ̀dò níbẹ̀, ṣùgbọ́n igbó ti bò ó. Láìsí ọmọ ìlú tó mọ̀nà, ẹ lè kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló lè mú mi fi Ẹ̀pẹ́ ṣáájú: àjọ̀dún Káyókáyó. Ìrántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣe dé síbẹ̀ ni, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé e kúrò l'Ékòó ní 1851. Ẹ̀yìn Iléyá ni wọ́n ń ṣe é; oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n sì ń tẹ̀lé, nítorí náà ọjọ́ rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún. Tó bá bọ́ sí àsìkò ìsinmi yín, ẹ má wulẹ̀ ronú Àgbádárìgì.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìrìn àjò bóyá owó ọkọ̀ ojú omi wà nínú iye tí wọ́n dá, bóyá ti lílọ nìkan ni tàbí ti lílọ àti bíbọ̀, àti ilé ìṣẹ̀m̀báyé tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ bi wọ́n bóyá ọmọ Àgbádárìgì ni atọ́nà náà. Ẹni tó bá gba ìtàn náà lẹ́nu bàbá rẹ̀ ló ń sọ ọ́ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá dé Gberefu, ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó wa ọkọ̀ yín, kí ẹ sì bá a dá àkókò tó máa wá kó yín padà, kó má ju agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ.