Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta ìgbànú iná pupa fún obìnrin tó ń wá ọmọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń wá ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá ń polówó ìgbànú iná pupa fún yín pé ó ń sọ ẹyin obìnrin dọ̀tun, ẹ má tíì sanwó. Mo ti ra á. Ọjọ́ 51 ni mo fi dè é mọ́ abẹ́ ìdodo, ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, ogún ìṣẹ́jú lálẹ́. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin tó tà á fún mi, torí orúkọ tó ń lò lónìí lè má jẹ́ tọ̀la. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lẹ ó fi dá a mọ̀.

Kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọjà. Àánú ló máa ń gbé wá. Ó bi mí ní ọjọ́ orí mi, iye ọdún tí mo ti ń retí, bóyá oyún ti bàjẹ́ lára mi rí. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, èmi tí n kì í sọ ọ́ fún àbúrò mi pàápàá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, kò pè mí ní "mà" mọ́, "Ìyá Ìbejì" ló ń pè mí. Ẹ̀yin náà mọ bí orúkọ yẹn ṣe ń dùn létí ẹni tí kò tíì gbé ẹyọ kan pọ̀n. Mo sanwó lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ibi tó ti mú mi gan-an ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ 90. Ó ní ẹyin obìnrin ń gbà tó oṣù mẹ́ta kó tó gbó, nítorí náà ọjọ́ 90 gbáko ni kí n lò ó, bí mo bá sì fo ọjọ́ kan, kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ti oṣù mẹ́ta yẹn kì í ṣe irọ́ o. Ẹyin tó máa jáde lóṣù yìí ti ń múra sílẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Òótọ́ yẹn ló fi bo irọ́ rẹ̀ lójú. Nínú ìwé pélébé tó wà nínú páálí, ọjọ́ 30 péré ni wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ dá a padà gba owó. Ẹni tó bá ṣe bó ṣe wí, kó tó mọ̀ pé ọjà náà kò ṣiṣẹ́, gbèdéke owó rẹ̀ ti kọjá láti oṣù méjì. Ti ká má fo ọjọ́ kan yẹn ńkọ́? Ìyẹn ni yóò fi dá yín lẹ́bi. Ta ni ò ní fo ọjọ́ kan nínú 90?

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ iná, ló là mí lójú. Ó yẹ ìgbànú náà wò síwá sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ wáàtì 60 gàdàgbà sára páálí. Lára ṣájà tó bá a wá, 5V, 2A ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ márùn-ún lọ́nà méjì." Mẹ́wàá ni, torí fóltì (V) lọ́nà áńpì (A) ló ń jẹ́ wáàtì. Ohun tí ń gba wáàtì 10 wọlé, níbo ni yóò ti rí 60 tú jáde? Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wá. Ó kọjú rẹ̀ sí kámẹ́rà iwájú fóònù mi, ó tẹ bọ́tìnì, a sì rí iná kékeré kan tó ń ṣẹ́jú lójú fóònù, iná tí ojú lásán ò rí. Ó ní infurarẹ́ẹ̀dì nìyẹn. A wá tan ìgbànú. Gílóòbù 60 ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ní 30 jẹ́ pupa, 30 jẹ́ infurarẹ́ẹ̀dì, èyí tí wọ́n ní òun gan-an ló ń wọlé dé ibi ẹyin. Àwọn pupa tàn. Lójú kámẹ́rà, 30 yòókù ṣú biribiri. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n fi wọ́n ṣe. (Ẹ kọ́kọ́ fi rìmóòtù dán fóònù yín wò o, torí kámẹ́rà míì wà tí kì í rí i rárá.)

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé mo ní ìtọ́jú oníìmọ́lẹ̀ kò sí. Ó wà. Ní 1967, Endre Mester, dókítà kan ní Hungary, tan lésà sí ara àwọn eku tó fá irun wọn, ó sì rí i pé irun wọn tètè hù ju ti àwọn tí kò tan án sí. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìmọ́lẹ̀ pupa, nǹkan bíi nánómítà (òṣùwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀) 630 sí 670, àti infurarẹ́ẹ̀dì, nǹkan bíi 810 sí 850, ń mú kí mitochondria, ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì, ṣiṣẹ́ sí i. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, gbà kí wọ́n tà fún ìrora oríkèé, fún awọ tó ń hunjọ, fún orí tó ń pá. Ti oyún, mi ò tíì rí ọ̀kan. Ìwé tí ọkùnrin yìí fi ń yangàn ní "FDA Registered" lára. Iléeṣẹ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n FDA fúnra wọn sọ pé ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ìfọwọ́sí, àwọn kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí nítorí rẹ̀. Èyí tó ní òǹtẹ̀ àti ẹyẹ idì lórí yẹn, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò ló ṣe é.

Ó fi ìwádìí mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Ó mọ̀ pé mi ò ní kà á. Ìgbà tí mo kà á, ọ̀kan jẹ́ ti eku. Ibi ẹyin eku ò jìnnà sí awọ. Ti èèyàn wà nísàlẹ̀ ìbàdí lọ́hùn-ún, lẹ́yìn awọ, ọ̀rá, ẹran ara àti ìfun, gbogbo wọn ló sì ń mu nínú ìmọ́lẹ̀ kó tó débẹ̀. Èkejì jẹ́ ti iná funfun tó mọ́lẹ̀ gan-an tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ìgbà òtútù. Iwájú ojú ni wọ́n ń gbé ìyẹn sí, kí ló kàn án pẹ̀lú ikùn? Ẹ̀kẹta ló súnmọ́ ọ̀rọ̀ wa: àwọn dókítà ní Japan lo lésà fún àwọn obìnrin tó ti ń wá ọmọ tipẹ́, àwọn kan sì lóyún. Ṣùgbọ́n wọn ò ní àwọn tí wọn ò lò ó fún tí wọ́n lè fi wọ́n wé.

Àwọn ẹ̀rí tó ń gbé síta ńkọ́, "mo lo ìgbànú, mo lóyún"? Nínú tọkọtaya 100 tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ, ó lé ní 80 tó máa lóyún láàárín ọdún kan láìde nǹkan kan mọ́ ìdí. Ẹni tó bá ta okùn lásán fún wọn náà yóò rí ẹlẹ́rìí. Àwọn tí kò lóyún, ó ti bílọ́ọ̀kì wọn.

Owó tó lọ kọ́ ló dùn mí jù. Kí n tó pàdé rẹ̀, wọ́n ti fún mi ní ọjọ́ fún àyẹ̀wò túùbù, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Ó ní kí n má lọ, pé oògùn tí wọ́n máa fún sínú ilé ọmọ yóò ba iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ jẹ́. Mo gbọ́ tirẹ̀. Ọmọ ọdún 37 ni mí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ti pé 35, oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n ní kó fi gbìyànjú kó tó lọ rí dókítà. Ẹni tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, ọdún kan. Nígbà tí mo padà lọ ṣe é, túùbù kan ti dí pa. Kò sí iná tó ń la túùbù. Kò sí èyí tó ń fi kún iye ẹyin tí wọ́n bí obìnrin mọ́. Ọkọ mi náà ṣe àyẹ̀wò àtọ̀, èyí tí oníìgbànú ò fìgbà kan béèrè, àfi bí ẹni pé èmi nìkan ni mò ń wá ọmọ.

Ẹni tó bá ti rà á, tí ọjọ́ 30 rẹ̀ kò tíì pé, kó dá a padà lónìí. Ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tí ẹ̀yin àti ọkùnrin náà jọ sọ kó tó pa á rẹ́, kí ẹ sì pe báńkì yín. Ẹni tó ń lo doxycycline (oògùn apakòkòrò kan) tàbí oògùn míì tí kì í jẹ́ kí awọ lè fara da ìmọ́lẹ̀, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti pẹ́, kó tú u kúrò lára ná.

Èmi béèrè owó mi. Mo fi fídíò gílóòbù 30 tó ṣú yẹn ránṣẹ́ sí i. Ó wò ó, àmì búlúù méjì yọ. Èsì kan ṣoṣo ló fún mi kó tó bílọ́ọ̀kì mi: "Ìyá Ìbejì, ọjọ́ 39 péré ló kù."