Mo lọ tọrọ àfikún àwìn ní Wuse, fíríísà ló rán mi

Oṣù kẹta ni fíríísà mi kú, kò sì kú wẹ́rẹ́. Iná dé lóru, ó lọ, ó tún dé lójijì tòun ti agbára tó mú gílóòbù ilé ìdáná mọ́lẹ̀ bí iná tírélà. Ká tó jí, omi ẹran ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà. Páálí òkú Èkó méjì wà nínú rẹ̀, ṣàkì wà níbẹ̀, ògúnfe tí mo rà ní Dei-Dei lọ́jọ́ tó ṣáájú náà wà níbẹ̀. Àmàlà ni mo ń tà ní Kubwa, lọ́nà Gado Nasko. Hausa ni o, Ìgbò ni o, Gbagyi ni o, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń pè mí: Mama Amala. Ta ló fẹ́ jẹ àmàlà lọ́dọ̀ ẹni tí ẹran rẹ̀ ń rùn?

Mo ní káàdì àwìn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé ìdáná àti gbogbo ohun tó ń lo iná. Mi ò ní dárúkọ wọn. Mo ṣì jẹ wọ́n, èèyàn kì í sì í bú olówó rẹ̀ lórúkọ. Ẹni tó bá ń rajà láwìn ní Abuja á rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ì báà má jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń rà.

Káàdì náà kì í ṣe ti báǹkì. Ẹ ò lè fi gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ ò lè fi ra epo mọ́tò, inú ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ owó kan ló wà lẹ́yìn wọn. Àwọn yẹn á san owó ọjà fún ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin á máa san tiyín fún wọn lóṣooṣù. 250,000 náírà ni límíìtì tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi, ìyẹn iye tí gbèsè mi ò gbọdọ̀ kọjá. Mo fi ra bùlẹ́ńdà ńlá, mo fi ra sítóòfù gáàsì olójú mẹ́rin, mo sì ń san owó wọn fún oṣù 14 láìyẹ ọjọ́. Fíríísà tí ojú mi wà lára rẹ̀, 585,000 ni. Ẹ rí i pé 250,000 ò lè gbé e.

Ká sọ tòótọ́, ọjà wọn dára. Wọ́n á gbé e dé Kubwa láìgba kọ́bọ̀, ọmọkùnrin tó bá gbé e wá á sì dúró tì í títí yóò fi mú omi di yìnyín lójú yín. Èlé wọn jẹ́ 4% lóṣù. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé lórí èwo: ṣé lórí gbogbo owó tí ẹ kọ́kọ́ jẹ ni, àbí lórí èyí tó kù nílẹ̀? Lórí èyí tó kù ni tiwọn. Mo gbé ìwé ìṣirò mi jáde, mo pín 585,000 sí oṣù mẹ́fà, 97,500 lóṣù kan. Bí èlé bá ń wálẹ̀ bí gbèsè ṣe ń wálẹ̀, gbogbo èlé oṣù mẹ́fà jẹ́ 81,900. Ká ní orí owó àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbà á títí tó fi tán ni, 140,400 ni ì bá jẹ́. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ 58,500, owó páálí ẹja ni. Ẹnu kan náà, "4%", ni wọ́n á fi pe méjèèjì fún yín o.

Wọ́n gbọ́n díẹ̀ ṣá. Mo rán ọmọ tó ń bá mi gún iṣu lọ síbẹ̀ kó lọ bi wọ́n léèlò ni fíríísà yẹn fún ẹni tó ní owó lọ́wọ́. 570,000 ni wọ́n pè é fún un. Nítorí náà, 15,000 ti sá pamọ́ sínú ọjà kí èlé tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Bọ́tìnì kan wà nínú àápù wọn tí wọ́n fi ń béèrè àfikún. Mo tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Wọ́n gba BVN, nọ́ńbà tó so gbogbo àkáǹtì báǹkì èèyàn pọ̀, wọ́n gba NIN, wọ́n ní kí n fi státímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà ránṣẹ́, kí n sì kọ iye tí ń wọlé fún mi lóṣù. Mo kọ òótọ́. Kí n tó fọ ìkòkò ọbẹ̀ tán, wọ́n ti fèsì: ìbéèrè yín kò kẹ́sẹ járí, ẹ tún gbìyànjú lẹ́yìn 90 ọjọ́. Kò sí ìdí, kò sí ẹni tí èèyàn lè pè. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ṣe é, mo tún tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́rú. Ọ̀rọ̀ kan náà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta ní Sátidé nígbà tí inú ń bí mi.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Kubwa, mo sọ̀ ní Berger, mo sì fi ẹsẹ̀ mi rìn dé Wuse kí inú mi lè rọ̀ kí n tó débẹ̀. Kò rọ̀. Mánéjà wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, dìde fún mi, ó ní, "A yi haƙuri, Hajiya." Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mi ò dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n ní Abuja yìí, obìnrin tó bá ti dàgbà tó sì wé gèlè dáadáa, Hajiya ni. Ó ní kọ̀ǹpútà ló ń pinnu, òun ò lè ṣe nǹkan kan. Mo bi í pé oṣù 14 tí mo fi ń sanwó, ṣé kọ̀ǹpútà yẹn ò rí i ni? Ó tún bẹ̀ mí pé kí n ṣe sùúrù.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà ló gbà mí sílẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà ni. Bó ṣe gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi báyìí, ó dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ tó fún un mọ́ra ò jẹ́. "Mummy, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tẹ nǹkan yẹn mọ́."

"Kí ló dé?"

"Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń lọ yẹ orúkọ yín wò níta. Tí wọ́n bá rí i pé ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ní ebi owó ń pa yín."

Mo ní, "Ṣé irọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àga fún mi. Wákàtí kan gbáko ni ọmọ yìí fi bá mi sọ̀rọ̀, nígbà tí oníbàárà ò sì pọ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ àfikún kì í lọ nígbà tí gbèsè bá kún káàdì rẹ̀ dé ẹnu. Èmi sì rèé, 238,000 ni mo jẹ nínú 250,000 lọ́jọ́ tí mo béèrè. Ó ní kí n san án wálẹ̀ kó má tó ìdajì kí n tó padà wá. Ìyẹn yé mi. Bí oníbàárà mi tó jẹ mí ní àwo mẹ́wàá bá ní kí n tún bu ogún fún òun, èmi náà á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀.

Èyí tó ká mi lára ni ti státímẹ́ǹtì. Nọ́ńbà àkáǹtì tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri búkà, ti ọmọ mi obìnrin ni. Áléètì tèmi máa ń pẹ́, tiẹ̀ máa ń tètè dé, la bá kọ tiẹ̀ síbẹ̀ kí oníjẹun má baà máa dúró. Ó ti di ọdún mẹ́ta. Owó ọwọ́ tó bá kù, alájọ ló ń gbà á nírọ̀lẹ́, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó rí. Nítorí náà, ẹni tó bá wo àkáǹtì tèmi, obìnrin tí 40,000 ń wọlé fún lóṣù ló máa rí, tó tún ń béèrè àwìn 600,000. Ọmọ Ọ̀fà ní, "Mummy, ẹ lówó o. Orúkọ Àǹtí ni owó yín ń jẹ́." Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ọwọ́ mi. Ẹ ronú wò ná, gbogbo ṣíbí àmàlà tí mo ti rò láti ọdún mẹ́ta, lójú ìwé, èmi kọ́ ni mo rò ó.

Ó ku ọ̀kan, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Gbèsè kan wà lórí BVN mi níbòmíràn: 4,300 náírà. Mo ní rárá o. Ó ní kí n lọ wò ó fúnra mi, pé ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni Báǹkì Àpapọ̀ fún níwèé àṣẹ láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó yáwó àti bó ṣe san án, CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, àti pé òfin ọdún 2017 fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti rí tèmi lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọmọ mi bá mi gbà á jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní 2021, mo yá 15,000 lórí ọ̀kan nínú àwọn àápù ayánilówó wọ̀nyẹn, àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ èèyàn bí ó bá pẹ́. Mo san án, àmọ́ mo fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́. Owó ìtanràn ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni wọ́n kọ sílẹ̀ tí wọn ò pa rẹ́. Mo fẹ́ jà. Nígbà tí mo wo àdéhùn tí mo tẹ̀ "mo gbà" sí, mi ò rí ẹsẹ̀ jà sí. Mo san 4,300, mo sì bá wọn fa ọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n tó fún mi ní lẹ́tà pé mi ò jẹ wọ́n mọ́, kí wọ́n sì tó lọ tún un ṣe níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Bàbá bàbá mi, ará Iléṣà, òṣómàáló ni. Ó máa ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú, á tà á láwìn, á sì padà lọ gbowó nígbà ìkórè. Bí onígbèsè bá fẹ́ ṣe àgbà, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Kò béèrè BVN lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó mọ oko tí kálukú ń ro. Òṣómàáló òde òní kì í lóṣòó. Láti 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti fàyè gba ayánilówó tó wà lábẹ́ ètò kan tí wọ́n ń pè ní GSI láti yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì èyíkéyìí tó bá wà lórí BVN onígbèsè, ì báà jẹ́ báǹkì mìíràn. Ó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn náà, ní ojú ewé kẹrin, pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré ju ìdin lọ. Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi tún ilé ṣe. Mo yọ nọ́ńbà ọmọ mi kúrò lára ògiri, mo lẹ tèmi mọ́ ọn. (Inú rẹ̀ ò dùn. Mi ò mọ̀ pé ó ń bù níbẹ̀ jẹ.) Mo san gbèsè káàdì tán. Mo ń gbé owó ọwọ́ lọ sí báǹkì ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́rú, alájọ sì ń gba ọjọ́ yòókù, torí mi ò lè já alájọ sílẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, inú fíríísà obìnrin ẹlẹ́ja kan lọ́jà Kubwa ni ẹran mi ń sùn, 1,500 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 13. Iye rẹ̀ jẹ́ 117,000 náírà.

Ibí yìí gan-an ni ẹjọ́ mi wà. Èlé tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi kò tó 117,000. Dídákẹ́ tí wọ́n dákẹ́ ló wọ́n ju èlé wọn lọ. Ká ní àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn sọ pé, "Màmá, ẹ lọ wo 4,300 yìí, ẹ san káàdì yín wálẹ̀, ẹ gba owó sí àkáǹtì ara yín", láti oṣù kẹta ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ǹ bá má tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ọmọdé. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó wà lójú kọ̀ǹpútà ọmọ Ọ̀fà. Wọn ò kàn kà á sí ohun tó yẹ kí oníbàárà gbọ́ ni.

Nígbà tí mo béèrè lóṣù keje, ọjọ́ méjì ló gbà wọ́n. 600,000 ni mo béèrè, 900,000 ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú àwòrán ìwo tí wọ́n fi ń kí èèyàn kú oríire. Mo padà lọ sí Wuse, mo ní kí wọ́n dá a padà sí 600,000. Mánéjà wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Ó ní kò sí ẹni tó béèrè irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n mo ti rí tẹlifíṣọ̀n kan lára ògiri wọn bí mo ṣe ń wọlé, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, mo sì mọ àwọn ọmọkùnrin tó wà nílé mi. Fóòmù kan ni wọ́n ní kí n kọ, kò sí bọ́tìnì fún ìyẹn nínú àápù. Ẹ ò rí i pé bọ́tìnì wà fún gígùn sókè, kò sí fún sísọ̀kalẹ̀.

Fíríísà ti dé. Mo ti san ẹ̀ẹ̀mejì, 120,900 lákọ̀ọ́kọ́, 117,000 lẹ́ẹ̀kejì, bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ náà ni wọ́n gbà á. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọmọ Ọ̀fà ló ni méjì níbẹ̀, fíríísà ló ni ọ̀kan.