Ìpara Òrí àti Dóńgóyárò láti Ọjà Bódè: Bó Ṣe Rí lọ́wọ́ Onídìrí

Ìpara náà dára, n ó sì tún rà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kọ́ ni ohun tí wọ́n ń pariwo lára rọ́bà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú u palẹ̀ kí ẹ tó ná owó yín.

Iṣẹ́ irun ni mò ń ṣe, ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé ọwọ́ onídìrí kì í gbẹ. A ó fọ ti ẹni yìí, a ó ṣan rìlásà kúrò lórí ẹni yẹn, a ó kun dáì dúdú fún ìyá ìyàwó tó ń lọ òde. Ṣáńpù láàárọ̀, ṣáńpù lálẹ́. Ìfo, èyí tí òyìnbó ń pè ní eczema, bá dé. Àárín ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi máa ń sá pamọ́ sí lábẹ́ òrùka, kó tó gun oríkèé ìka. Awọ ibẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n, á máa yún mi débi pé ìdí kóòmù ni mo fi ń họ ọ́, lẹ́yìn náà á gbẹ, á sì là. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ tí mo bá fẹ́ gé ata rodo.

Dókítà awọ ara tí mo lọ bá ní kì í ranni, kì í sì í ṣe àfiṣe. Omi àti ṣáńpù ló ti bó òróró tó yẹ kó dáàbò bo awọ, ibi tó là sílẹ̀ ni kẹ́míkà ń gbà wọlé, ara á sì máa bá a jà. Ìjà yẹn ni pípọ́n, wíwú àti yíyún tí à ń rí. Ó ní kí n máa wọ ìbọ̀wọ́, kí n sì kíyè sí dáì dúdú gidigidi, torí kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ PPD tó wà nínú rẹ̀ wà lára ohun tó máa ń yọ onídìrí lẹ́nu jù. Ó kọ oògùn fún mi pẹ̀lú, n ó dé orí ìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan ní Bódè ni mo ti ra ìpara náà. Rọ́bà funfun kékeré ni, ọmọrí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ₦2,500. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà mọ́ ọn lára, ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i nìyí: ìfo, làpálàpá, kúrúnà, irorẹ́, eéwo, iná jó mi, ejò bù mí ṣán. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi jẹ̀díjẹ̀dí kún un. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú èyí?"

"Ọmọ mi, òrí ni, òrí Ṣakí. Mo yọ́ ọ, mo da ewé dóńgóyárò tí mo sá sábẹ́ òjìji sí i, mo fi àdín díẹ̀ sí i, mo wá sẹ́ ẹ. Kò sí nǹkan òyìnbó kankan níbẹ̀."

"Ti ejò yìí ńkọ́, ìyá?"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ-ọmọ mi ló tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ejò bá bù ṣán, kó yáa gba ọsibítù lọ."

Ìdáhùn yẹn gan-an ló mú mi sanwó. Ẹni tó bá mọ ibi tí agbára ọjà rẹ̀ mọ, èèyàn lè bá a ṣòwò.

Bí ẹ bá ṣí i, àwọ̀ ewédú tó sùn mọ́jú lẹ máa rí. Òórùn dóńgóyárò ló máa kọ́kọ́ kọ lu yín nímú, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti èéfín tó wà lára òrí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe á wá yọ. Ó le nínú rọ́bà, èékánná ni mo fi ń bù ú, ṣùgbọ́n ẹ kàn pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ti di òróró. Tí mo bá fi ra oríkèé ìka, ojú ibi tó là á kọ́kọ́ ta mí, kò pẹ́ á dákẹ́. Ẹ̀dùn mi kan níbẹ̀ ni pé asẹ́ ìyá kò kúnná: ẹ̀rún ewé máa ń wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kan bá sì há sínú ibi tó là, àfi kí n fi ọwọ́ kejì yọ ọ́. Kò ṣeé fi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, torí kóòmù á máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ni. Alẹ́ ni mò ń fi í para, n ó wọ ìbọ̀wọ́ òwú lé e, n ó sùn. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, ọkọ mi bi mí bóyá ibà ni mò ń wò.

Ó ṣiṣẹ́. Ibi tó là pa dé, yíyún rẹ̀ rọ̀ débi pé mo ń sùn mọ́jú, awọ ọwọ́ mi tún ń tẹ̀ dáadáa. Pípọ́n rẹ̀ ni kò lọ tán. Nígbà tí èrò ọdún Kérésì sì dé, tí a ń fọ irun láti òwúrọ̀ títí di òru, ó padà wá, ìpara kò sì lè dá a dúró.

Nígbà tí ọwọ́ dẹ̀ lẹ́yìn ọdún, mo ra òrí lásán lọ́wọ́ ìyá kan náà. Ọwọ́ òsì gba òrí, ọwọ́ ọ̀tún gba ìpara, mo sì ń ṣọ́ wọn. Bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń san ni ti òsì ń san. Òórùn nìkan ni ìyàtọ̀ tí mo rí.

Kò yà mí lẹ́nu púpọ̀. Awọ tí ìfo ń bá jà, ńṣe ni omi ń jáde lára rẹ̀ láìdúró. Ohun tó bá ti lè bò ó dáadáa ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Òrí kì í sì í ṣe ọ̀rá lásán. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí eérú kò lè sọ di ọṣẹ, èyí tó pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ òróró mìíràn lọ, inú apá yẹn ni àwọn èròjà bíi lupeol wà, tí àyẹ̀wò lára eku fi hàn pé wọ́n ń mú kí ara tó wú fà. Ti dóńgóyárò náà ní ẹ̀rí tirẹ̀: ní ọdún 1981, wọ́n tẹ ìwádìí jáde lórí nimbidin, pé ó mú ẹsẹ̀ eku tó wú fà. Àmọ́ inú epo kóró dóńgóyárò ni wọ́n ti yọ nimbidin, ewé sì ni ìyá fi se tiwa. Ẹ̀rí tó wà fún kóró kò lè di ti ewé lójijì nítorí pé igi kan náà ló so wọ́n.

Mi ò sọ pé ewé kò lè wo awọ ara o. Ẹ wo Taiwan: àwọn dókítà ibẹ̀ mú aró tí wọ́n ń yọ láti ara ewé, wọ́n fi ṣe ìpara fún psoriasis, àìsàn awọ tó máa ń pọ́n tó sì máa ń ṣí bí ìpẹ́, wọ́n fi í sí apá kan ara aláìsàn, wọ́n fi ìpara tí kò ní aró sí apá kejì, ti aró sì borí. Èròjà tó ń mú aró dúdú yẹn, òun náà ló wà nínú èlú tí àwọn aláró wa fi ń re àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ti ìtorí èyí ki ọwọ́ tó là bọ ìkòkò aró, torí omi eérú inú rẹ̀ á kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Eérú yìí náà ni wàhálà ọjà kejì tí ìyá ń tà, ọṣẹ dúdú tí wọ́n gún asúnwọ̀n òyìnbó mọ́. Fún làpálàpá, mo fọwọ́ sí i. Ọmọṣẹ́ mi kan ní in lọ́rùn, ó ń fi ọṣẹ yẹn wẹ̀ ẹ́, ó sì parẹ́. Asúnwọ̀n mọ làpálàpá lójú, torí fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fa làpálàpá, ewé náà sì ní ohun tó ń pa á. Ìjọba Philippines pàápàá fi í sára ewé mẹ́wàá tí wọ́n fọwọ́ sí fún ìtọ́jú. Ìfo kò ní fọ́ńgọ́ọ̀sì tí asúnwọ̀n máa pa. Ohun tí ọṣẹ dúdú máa ṣe fún ọwọ́ tó ní ìfo ni kó bó ìwọ̀nba òróró tó kù lára rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọmọ tó máa ń sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù pé ẹ ń fi ọṣẹ wẹ làpálàpá orí ọmọ, ti orí yàtọ̀: ó ti wọ gbòǹgbò irun lọ, ọṣẹ kì í débẹ̀. Oògùn mímu ni dókítà máa ń kọ fún un. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà ní kóòmù tirẹ̀.

Níbi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ni ti ìpara "egbòogi" tó ń wo ìfo lóru mọ́jú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe èékánná ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà lórí WhatsApp. Funfun ni, kò rùn, kò ní ẹ̀rún ewé kankan. Ìfo ọwọ́ rẹ̀ parẹ́ kíá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé iṣan hàn gbangba, ó ń dán, ó sì funfun ju apá rẹ̀ lọ. Nígbà tó dá a dúró, ìfo padà pẹ̀lú ìbínú. Dókítà fi ojú kan án, ó ní àmì steroid alágbára ni, ìyẹn oògùn tó ń mú kí awọ tó wú tó sì pọ́n rọ̀, irú clobetasol tí wọ́n ń pò mọ́ ìpara ìbóra. Àwọn tó wà lókè òkun náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ní Birmingham, àwọn dókítà yẹ ìpara egbòogi 24 tí àwọn òbí fi ń pa ọmọ tó ní ìfo lára wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003. Ogún nínú wọn ló ní steroid nínú, láìkọ ọ́ sára rẹ̀.

Steroid fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Òun ni dókítà kọ fún èmi náà, èyí tí kò lágbára púpọ̀, pé kí n fi para fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ìfo bá ru, kí n fi òrí bo ọwọ́ ní gbogbo ìgbà tó kù. Òun ló mú pípọ́n tí ìpara ìyá kò lè mú lọ kúrò. Ohun tó burú ni kí èèyàn máa lò ó láìmọ̀, kó sì máa rò pé ewé ni.

Nọ́ńbà NAFDAC tí mo ní kò sí lára rọ́bà ìyá, ó yẹ kó wà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e ju bó ṣe yẹ lọ. Lára ọ̀pọ̀ egbòogi tó ní nọ́ńbà náà, wọ́n máa ń kọ ọ́ wínníwínní pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Ẹ wá gíláàsì yín, ẹ kà á.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ti ìyá, ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó yọ́ ọjà rẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Òrí tó ti kan, ẹ máa mọ̀. Èyí tó pọ́n ròrò kọ́ ló dára jù, gbòǹgbò igi ni wọ́n máa ń fi pa irú rẹ̀ láró. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá, kí ẹ wò ó mọ́jú, torí dóńgóyárò náà máa ń bá awọ ẹlòmíràn jà. Èmi ti sọ fún ìyá pé kó máa fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ó ní òun gbọ́. Ní báyìí ná, kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, òrí lásán ni mò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, rọ́bà kan náà, ₦1,500, ọkọ mi kò sì bi mí ní ìbéèrè ibà mọ́.