Bébà ni mo lọ gbà: ẹ̀kọ́ ìwé ẹ̀rí olùtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ bí mo ṣe rí i

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ṣiṣẹ́ kí n tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Ká má purọ́, kì í ṣe ìmọ̀ ni mo ń wá. Ó ti sú mi láti máa ṣe igbákejì fún àwọn tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́, torí pé wọ́n níwèé ẹ̀rí, èmi ò ní. Wákàtí 120 ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mo ní kí n yára ṣe é, kí n gba bébà mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn fídíò yẹn ò dùn ún wò rárá. Ẹnì kan ló kàn ń ka ohun tí gbogbo wa ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Tó bá parí, ìbéèrè márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá kùnà, ẹ tún un ṣe títí tẹ́ ẹ fi máa yege. Mo fọ abọ́ nígbà tí ọ̀kan ń lọ lọ́wọ́, mo sì gba gbogbo máàkì. Wọ́n ní Maria Montessori, dókítà tó dá ilé àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Róòmù lọ́dún 1907. Wọ́n ní Piaget, wọ́n ní Vygotsky, àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú àti bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, bí ẹni ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà, ó tán.

Ti Mildred Parten nìkan ló dá mi dúró. Lọ́dún 1932, obìnrin olùṣèwádìí yìí to ọ̀nà táwọn ọmọdé ń gbà ṣeré sí ìpele mẹ́fà. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni kí ọmọ méjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀, kí wọ́n má bára wọn sọ ohunkóhun. Àṣé eré gidi nìyẹn fún ọmọ ọdún méjì! Èmi tí mo máa ń pariwo lé wọn lórí lójoojúmọ́ pé, "Ẹ bá ara yín ṣeré, ẹ má ṣahun!"

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ní ká máa wo ọmọ ká sì máa kọ ohun tá a rí sílẹ̀, ìyẹn ló tó gbogbo wàhálà náà. Ọmọ kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 15, ìwé àti bírò. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kà báyìí: "Ọmọ yìí lágídí, kì í fẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan ìṣeré." Olùkọ́ wa dá a padà pẹ̀lú ìlà kan péré: "Kí ni ojú yín rí?" Inú bí mi. Mo tún un kọ, ó tún dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo wá kọ pé: "Ó di bọ́ọ̀lù pupa mọ́ àyà. Ọmọ kejì nawọ́ sí i. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó. Ó tún wo ẹnu ọ̀nà."

Ibẹ̀ ló ti wá yé mi. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni ìyá ẹ̀ máa ń gbà jáde láràárọ̀. Ọmọ tí mo ti ń pè ní alágídí láti oṣù mélòó kan ń retí ìyá ẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù ló rí dì mú. Ó ṣì ń dì í mú títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ mi ò já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kan péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì, ó sì kéré. Ọmọlangidi ìdánrawò méjì fún èèyàn 18! Nǹkan há ọmọ ọwọ́ lọ́fun: ẹ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ yí i padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ láyà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tí kò bá mí mọ́: ẹ tẹ àyà nígbà 30, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí títẹ̀ náà sì yára tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lójú fídíò, wẹ́rẹ́ ni. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ àyà ọmọlangidi yẹn, tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ẹ̀rù bà mí. Kò tíì mọ́ mi lára tí wọ́n fi ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú.

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sọ̀rọ̀ oorun: ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, lórí ibùsùn tó le, láìsí ìrọ̀rí, láìsí nǹkan ìṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nítorí ikú òjijì lójú oorun. Mo dákẹ́. Mo ti da ọmọ dojú bolẹ̀ rí torí pé oorun ẹ̀ máa ń pẹ́ sí i.

Fáìlì iṣẹ́ wa tí wọ́n ní ká kó jọ gba àsìkò, ṣùgbọ́n ìwé ìbéèrè tá a fún àwọn òbí ló dùn mí jù nínú ẹ̀. Òbí kan kọ ọ́ pé: "Àǹtí máa ń sọ pé ó dáa lójoojúmọ́. Mi ò mọ nǹkan kan tí ọmọ mi ṣe." Òótọ́ ni. Ní báyìí, ohun kan pàtó ni mo máa ń sọ fún òbí kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, bó ti wù kó kéré tó. Ọjọ́ tí wọ́n wá wò mí lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ kan bì sí mi lára láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Mo yege.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ irú ẹ̀kọ́ yìí, ohun méjì ni kẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: ta ló máa ka àkọsílẹ̀ yín, ṣé èèyàn ni àbí ẹ̀rọ? Ọmọlangidi mélòó ló wà, fún èèyàn mélòó? Tèmi máa ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó dé, mo sì bínú sí wọn gidi. Ṣùgbọ́n èèyàn ló ń kà á.