Kíláàsì ₦12,000 tó jẹ́ kí n fura sí ara mi

Ẹ kúulé o. Kíláàsì orí Zoom kan tí mo sanwó fún lóṣù tó kọjá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, alẹ́ mẹ́rin, ₦12,000, lórí nǹkan táwọn onísaikọ́lọ́jì ti rí nípa ìwà èèyàn.

Alẹ́ kejì ló mú mi jù. Tíṣà sọ̀rọ̀ ìwádìí tí onísaikọ́lọ́jì méjì, Darley àti Batson, gbé jáde ní 1973, níléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà ní Princeton, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ní káwọn ọmọ iléèwé yẹn kọjá sí ilé kejì lọ sọ̀rọ̀, ìtàn aláàánú ará Samáríà gan-an làwọn kan fẹ́ lọ sọ o, wọ́n wá fi ọkùnrin kan sójú ọ̀nà tó ń wúkọ́ tó ń kérora. Nínú àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti pẹ́, ìdá 10 nínú 100 péré ló dúró, àwọn tí ò kánjú, 63. Àwọn míì tiẹ̀ gbẹ́sẹ̀ ré ọkùnrin yẹn kọjá! Wọ́n ń lọ wàásù àánú o.

Nílé wa, tẹ́nì kan bá ṣe burúkú, màámi á ní ìwà ẹ̀ ni, bó ṣe rí nìyẹn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àfi bí mo ṣe rántí àárọ̀ ọjọ́ kan l'Ojota tí mò ń sáré lé bọ́ọ̀sì, tí ìyá àgbà kan da tòmátì sílẹ̀ níwájú mi, mo fo tòmátì yẹn ni.

Ibi tí kíláàsì yẹn ti bàjẹ́ ni alẹ́ tó gbẹ̀yìn. Tíṣà mú ìwádìí onísaikọ́lọ́jì méjì míì, Isen àti Levin, wá, 1972: nínú èèyàn 16 tó rí owó ẹyọ he nídìí fóònù ìta, 14 ló bá obìnrin kan ṣa pépà tó já bọ́, nínú 25 tí ò rí nǹkan kan, ẹyọ kan. Ó ní ó tán, kò sóhun tó ń jẹ́ ìwà. Há à! Mo ní ṣebí àwọn míì ti tún ìwádìí owó ẹyọ yẹn ṣe tí wọn ò rí i bẹ́ẹ̀, àti pé ìdá 10 tó dúró ní Princeton pẹ̀lú pé wọ́n ti pẹ́ yẹn ńkọ́, kí ló dá wọn dúró? Ló bá mú mi ní miúùtù. Ó ní kíláàsì tó ń bọ̀ la máa sọ ìyẹn, ₦18,000.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Mi ò tíì san ₦18,000 yẹn ṣá.